Ọdún Kan ní Pondichéry

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní Pondichéry, àwọn obìnrin ti jáde sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya àwòrán funfun sórí ilẹ̀ tútù náà: wọ́n á kọ́kọ́ tò àmì wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á fa ìlà tí ń yí àwọn àmì náà ká láìjá. Kolam ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Tamil. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹsẹ̀ ènìyàn, táyà kẹ̀kẹ́ àti àwọn èèrà ti pa á rẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á tún un yà. Àwa mẹ́ta tí a ti Bẹ̀nẹ̀ lọ síbẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2003, ohun tí a kọ́kọ́ rí nìyẹn láti inú ọkọ̀ tí ó gbé wa wọ ìlú, a sì rò pé ọdún ni wọ́n ń ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ pàṣípààrọ̀ ni wá. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Kétu, èkejì ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀kẹta ọmọ Àjàṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ Faransé ni gbogbo wa lọ láti kékeré, nítorí náà kò ṣòro láti mọ ìdí tí a fi yan Pondichéry. A ti kà á nínú ìwé ìtàn pé àwọn Faransé ni wọ́n ń ṣe àkóso ìlú náà láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, bí àwọn Òyìnbó mìíràn tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀, àti pé ní ọdún 1954 ni wọ́n gbé e lé Íńdíà lọ́wọ́, ọdún mẹ́fà kí àwa tó gba òmìnira tiwa. A rò pé a ó máa sọ Faransé bí ẹni tó wà nílé. A tan ara wa jẹ. Orúkọ òpópónà ni ó pọ̀ jù nínú ohun tó ṣẹ́kù, Rue Dumas, Rue Suffren, Rue de la Marine, àti fìlà képì pupa tí àwọn ọlọ́pàá ń dé. Tamil ni ọjà ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ti yunifásítì. Síbẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́ àárín wa kò yé wo àwọn ilé àtijọ́ etí òkun náà. Ó ní fèrèsé onígi gíga wọn mú òun rántí ilé àwọn Àgùdà ní àdúgbò òun.

Kalapet ni yunifásítì wà, bí i kìlómítà mẹ́wàá sí àríwá ìlú, létí ọ̀nà ńlá tí ó gba etí òkun lọ sí Chennai. Oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ sọ wá di ará ibẹ̀. Ní àárọ̀, wọ́n á fún wa ní idli, ìrẹsì àti irú ẹ̀wà kan tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n jẹ́ kí ó kan mọ́jú, tí wọ́n sì fi ooru omi sè. Ẹni tí ó bá mọ ẹ̀kọ kò ní bá a jà. Nígbà tí a sì rí vadai nínú epo gbígbóná létí ọ̀nà, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ pariwo: àkàrà rèé! Àkàrà ni lóòótọ́, àfi pé wọ́n dá ihò sí i láàárín. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun, ìyẹn kò sì nílò olùkọ́. Orí mímì wọn ni ó dà wá láàmú. Bí a bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọlọ́jà, á máa gbé orí sọ́tùn-ún sósì, àwa á sì yípadà láti máa lọ, láìmọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ni ó ń wí.

Àwọn náà kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Akka ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, anna ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, thambi ni àbúrò ọkùnrin. Ẹni tí kò bá ọ tan pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò pè é. Nígbà tí obìnrin tí ń dáná fún wa kọ́kọ́ pè wá ní thambi, a mọ̀ pé a ti ní ilé. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà wá bẹ́ẹ̀ o. Àwọn kan á máa fọwọ́ kan irun wa láìtọrọ ààyè, onílé kan sì wà tí yàrá rẹ̀ ṣófo lórí tẹlifóònù, tí ó sì kún nígbà tí ó fojú rí wa.

Kí a tó kúrò nílé, ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ pé Íńdíà ni à ń lọ, yóga ni yóò kọ́kọ́ mẹ́nu bà. A débẹ̀, a rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kì í ṣe é rárá. Kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbá. Bàbá kan tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún ni ó kọ́ wa, lórí òrùlé pẹrẹsẹ ilé rẹ̀, ní aago mẹ́fà àárọ̀, láìgba kọ́bọ̀. Agbábọ́ọ̀lù ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì rò pé eré ọmọdé ni. Ó ní kí a dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí a gbé àtẹ́lẹsẹ̀ kejì ti itan, kí a na ọwọ́ sókè: vrikshasana, ìdúró igi. Kí ó tó ka ẹẹ́wàá, igi mẹ́ta láti Bẹ̀nẹ̀ ti wó. Bàbá dúró, kò mì. Ó ní kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ wa, ojú wa ni kò rí ibì kan dúró sí. Kí a wo ojú kan ṣoṣo lára ògiri. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbà wá kí a tó lè dúró fún ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́yìn èyí ni surya namaskar, ìkíni sí oòrùn, tí ó ní ìdúró méjìlá. Ibi tí àyà ti ń kanlẹ̀ nínú rẹ̀ kò yọ wá lẹ́nu. Ọmọ tí ó ti ń dọ̀bálẹ̀ láti kékeré kò lè ṣàìmọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Mùsùlùmí ni ọmọ Àjàṣẹ́. Ó ní òun kò ní kí oòrùn, òun kò sì ní pe Om. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò gun òrùlé náà mọ́, títí bàbá fi wá a lọ sí yàrá, tí ó sọ fún un pé kí ó wá jókòó, kí ó máa mí, kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Ó padà wá, kò sì kí oòrùn títí a fi kúrò níbẹ̀. Lójú tiwa, ó tọ̀nà, bàbá náà sì tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà yóga ti ara ọ̀rọ̀ Sanskrit kan wá tí ó jẹ mọ́ síso nǹkan pọ̀, bí àjàgà ti ń so màlúù méjì. Nínú ìwé Patanjali, ipa mẹ́jọ ni ó ní. Ìwà ni ó ṣáájú, kí ènìyàn má pa ẹlòmíràn lára, kí ó má purọ́, kí ó má jalè. Ìdúró àti ìjókòó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó bá ní eré ìdárayá lásán ni, kò tíì sọ gbogbo rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2004, bàbá ọ̀kan nínú wa jáde láyé. Ẹni tí ń kọ ìwé yìí kò ní sọ èwo nínú wa. Inú àgọ́ tẹlifóònù létí ọ̀nà ni ó ti gbọ́. Owó ọkọ̀ òfúrufú ju agbára wa lọ, wọ́n sì ti sin òkú kí ìròyìn tó dé. Àkọ́bí ni, òun ni ó yẹ kí ó bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè. Ọjọ́ méjì ni kò fi jẹun. Ní ọjọ́ kẹta, akka tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú rẹ̀, ó bu ìrẹsì àti wàrà kíkan sí i, ó sì dúró tì í. Nígbà tí ó jẹ díẹ̀ tán, ó ká ewé náà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, bí wọ́n ti kọ́ wa. Akka tú u, ó ká a sí òdìkejì. Ẹni tí ara tù ni ń ká ewé sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Níbi ọ̀fọ̀, òdìkejì ni. Kò sọ nǹkan kan. Bí ó bá tilẹ̀ sọ ọ́, Tamil wa kò tó gbọ́ ọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gun òrùlé lọ. Shavasana ni a máa fi ń parí ẹ̀kọ́, ìdùbúlẹ̀ òkú ni ìtumọ̀ rẹ̀: a ó na gbalaja, a ó dijú. Lọ́jọ́ náà, bàbá ní kí gbogbo wa jókòó. Ó ń ka èémí fún wa, ẹẹ́rin ní wíwọlé, ẹẹ́jọ ní jíjáde. Ọ̀rẹ́ wa ń sunkún, ó sì ń mí bí wọ́n ti ń kà á. Bàbá kò dá kíkà dúró. Yóga kò gbé e délé, kò sì jẹ́ kí ó rí ojú bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ti tó ọjọ́ mélòó kan tí kò ti sùn.

Méjì nínú wa ti di olùkọ́ lísè. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, a máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì gbé bírò kalẹ̀, kí wọ́n dijú, kí wọ́n mí bí a ti ń kà: ẹẹ́rin, ẹẹ́jọ. Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó bi wá bóyá ẹ̀sìn ni. A ní ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn kan ni ó ti wá, pé èémí nìkan ni àwa mú níbẹ̀, kí ó lọ bi àwọn òbí rẹ̀. Ó jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí a fi ṣe tán. Ní ọjọ́ kejì, ó wọlé, ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀, ó sì dijú.