Mo mọ odò, mi ò mọ òkun

 

Ẹ̀yin tí ẹ wá síbi ìtàdógún tó kọjá rí i pé ọmọ awo mi ló fi ikin dáfá, èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi aṣọ bo ọwọ́ ọ̀tún mi. Mo gbọ́ pé ẹnìkan ní àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú mi. Ẹlòmíràn ní ayé ló ṣe mí. Kò sí ẹni tó ṣe mí o. Ẹja ló gún mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Ọ̀ndó ni wọ́n bí mi sí, Àkúrẹ́ ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé girama. Odò Òwenà wà láàárín ìlú méjèèjì, ibẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́ mi ní ẹja pípa. Mo mọ ibi tí àrọ̀ ń sùn nínú ẹrẹ̀. Mo mọ ibi tí ẹpìyà ń jẹ̀. Tí ẹja bá ti fẹnu kan ekòló lẹ́nu ìwọ̀ mi, mo ti mọ irú ẹja tó jẹ́ kí n tó fà á sókè. Nínú gbogbo ọdún yìí, mi ò fojú kan òkun rí. Bẹ́ẹ̀ ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wí fún àwọn tó wá dáfá lọ́dọ̀ mi pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Ọkọ ọmọ mi, Bàbá Ìbejì, ọmọ Ìlàjẹ ni, apẹja ni, onígbàgbọ́ sì ni. Nígbà tó wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi, mo ṣe gbọ́nmi-si-omi-ò-to díẹ̀. Mo ní ṣé ẹja lọmọ mi fẹ́ fẹ́ ni? Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe lọ́kọ láya, mi ò dé ilé wọn lọ́jọ́ kan. Lọ́dún yìí ló pè mí lórí fóònù: "Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ mọ ẹja pa. Ẹ wá bá wa lo ọjọ́ mẹ́ta."

Mo gbéra l'Ákùúrẹ́, mo kọjá Òwenà, mo kọjá Ọ̀ndó, mo gba Òkìtìpupa dé Igbókòdá. Ibẹ̀ ni ọ̀nà mọ́tò parí sí fún mi. A wọ ọkọ̀ ojú omi, a gba àárín igbó àbàtà lọ, lórí omi tó pọ́n bí àgbo, títí a fi dé Ayétòrò. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sétí òkun. Nísinsìnyí òkun ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ tí mo dé, ọkọ ọmọ mi nawọ́ sí ojú omi, ó ní, "Bàbá, ibẹ̀ yẹn ni ilé bàbá mi wà. Iwájú ilé la ti ń gbá bọ́ọ̀lù." Mo wò ó títí, ìgbì nìkan ni mo rí.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti múra kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní ká dúró, omi ń fà. Ó ṣàlàyé pé òkun a máa kún, a sì máa fà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Òṣùpá ló ń fà á jù, àsìkò rẹ̀ a sì máa fi nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Mo ń kùn. Ní Òwenà, ìgbà tó bá wù mí ni mò ń ju ìwọ̀. Ó tún wo agolo ekòló tí mo gbé wá láti Àkúrẹ́, ó ní, "Bàbá, ekòló kì í pẹ́ nínú omi iyọ̀ o." Mi ò dá a lóhùn.

Nígbà tí omi yí, a wọ ọkọ̀. Ó so jákẹ́ẹ̀tì mọ́ mi láyà, ó ní kí n jókòó sísàlẹ̀, kí n di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Èmi tí mo máa ń dúró nínú ọkọ̀ lódò! Ìgbì àkọ́kọ́ gbé wa sókè, ó sì jù wá sílẹ̀ bí ẹni ń da ìsù sílẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí "hó ruru" jẹ́. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bì bí ọmọ tó ń yọ eyín.

Nígbà tí ara mi balẹ̀ díẹ̀, mo ní mo fẹ́ kí Olókun. Láìjẹ́ pé mo sọ ọ́, ó pa ẹ́ńjìnì, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba títí mo fi ju obì sómi tí mo sì wúre tán. Ó ní, "Ẹ ti ṣe tán, Bàbá?" Ẹnu tì mí.

Ekòló mi funfun, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ó já kúrò lẹ́nu ìwọ̀. Edé tútù tí òun fi ṣe ìjẹ ni mo padà tọrọ. Kò pẹ́ ni nǹkan fa okùn mi. Mo fà á wọlé: ẹja onírùngbọ̀n, orí pẹrẹsẹ, bí àrọ̀ gẹ́lẹ́. Inú mi dùn, mo ní mo rí ojúlùmọ̀.

"Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Mo ní, "Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń mú àrọ̀." Mo gbá a mú.

Àrọ̀ odò wa kò ní ẹ̀gún lẹ́yìn. Èyí ní, ẹ̀gún náà ní eyín bí ayùn, ó sì ní oró. Ó wọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìrora náà gòkè dé abíyá, mo ké pe ìyá mi tó ti kú. Ọkọ ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé "ṣé mo sọ fún yín." Ó gé okùn, ó yí ọkọ̀ padà.

Nílé, mo ń wá ewé. Gbogbo ewé tó wá sí mi lọ́kàn, ti Òwenà ni. Ó ní kí ọmọ mi gbé omi gbígbóná wá, gbígbóná tí ara mi lè gbà, ó kó ọwọ́ mi sínú rẹ̀. Ó ní ooru ń pa agbára oró ẹja yẹn. Lóòótọ́, ìrora náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì nọ́ọ̀sì yọ èyí tó kù nínú ẹ̀gún náà, ó sì gún mi lábẹ́rẹ́.

Mo padà s'Ákùúrẹ́. Nígbà tí ìtàdógún kò, ọwọ́ mi ṣì wú, kò lè ká ikin mẹ́rìndínlógún. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí ọmọ awo mi nídìí ọpọ́n. Bí mo ṣe ń wò ó, mo rí i pé kò ṣi ẹyọ kan tẹ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń sọ pé kò tíì tó dáfá fún ẹbí?

Mo wá rántí ìtàn Odùduwà. Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́, omi òkun ni wọ́n ní kí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Ọmọ ló rìn dé òkun, ọmọ ló bu omi náà wá fún bàbá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Ọwá Iléṣà ní Ọbòkun. Ìtàn tí mo ti sọ fún àwọn ẹlòmíràn láìmọye ìgbà ni. Mi ò mọ̀ pé èmi ni ó ń bá wí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Mo pe ọkọ ọmọ mi lórí fóònù. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé." Ó dákẹ́ díẹ̀, torí mi ò pe "ẹ" fún un rí. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín jinná. Èmi á sọ ìgbà tí omi máa dára fún yín. Ẹ ṣáà má gbé ekòló wá."

Mi ò ní gbé e. Ifá á gbè wá o. Àṣẹ.