Àtúnṣe Alùpùpù Bàbá Mi

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ahun àti ẹni tí ó mọ owó ṣọ́. Ahun a máa kọ̀ láti náwó sí ohun tí ó yẹ. Ẹni tí ó mọ owó ṣọ́ a máa wádìí ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ náwó sí. Ìyàtọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán títí di ọjọ́ tí owó kékeré bá pàdé iṣẹ́ ńlá. Àtúnṣe alùpùpù àtijọ́ kan ni ó jẹ́ kí ó yé mi.

Honda C70 ni alùpùpù náà. Ọdún 1980 ni bàbá mi fi owó kòkó rà á, ó sì gùn ún lọ sí oko àti sí ọjà fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Nígbà tí bàbá papòdà ní ọdún 2006, a tì í sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, adìẹ sì sọ ọ́ di ìtẹ́. Kò sí ẹni tí ó bojú wò ó títí di ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023. Lítà epo tí kò tó N200 tẹ́lẹ̀ fò sókè dé nǹkan bí N500, owó ọkọ̀ láti ilé mi dé ilé-ẹ̀kọ́ sì di ìlọ́po méjì. Alùpùpù tuntun kọjá agbára olùkọ́. Mo pinnu pé n ó máa ya díẹ̀díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó oṣù mi títí yóò fi pé N120,000, àti pé n kò ní yá kọ́bọ̀ kún un.

Ìyá mi kò fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn tí ń ra àlòkù irin ti wá a wá, tí ó lé wọn padà. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí n tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní, "Mo ti rí ẹni tí ó tú nǹkan, tí kò lè tò ó padà mọ́. Bí èyí bá di òkìtì irin, kí ni n ó máa wò rántí bàbá yín?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ dáwọ́ lé: ohun ìgùn àti ohun ìrántí.

Ó yẹ kí a mọ irú ẹ̀rọ tí à ń sọ. Ọdún 1958 ni ilé-iṣẹ́ Honda ti ilẹ̀ Jàpáànù kọ́kọ́ gbé irú alùpùpù yìí, tí wọ́n sọ ní Super Cub, jáde. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2017, èyí tí wọ́n ti ṣe nínú ìdílé rẹ̀ ti pé 100,000,000. C70 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀rọ 72cc ni. Sílíńdà kan ṣoṣo ni ó ní, jíà rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, kò sì ní kílọ́ọ̀ṣì tí a ń fi ọwọ́ fà. Nítorí pé kò lọ́jú pọ̀, ẹni tí ó bá ní sùúrù lè fi sípánà díẹ̀ ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ nílé.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Kí n tó ra ohunkóhun, mo mú ìwé, mo pín àìsàn rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ó lè pa ènìyàn, èyí tí kò ní jẹ́ kí ó rìn, àti èyí tí ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Bíréèkì, táyà, ṣéènì àti iná ni ó wà ní ọ̀nà kìn-ín-ní. Ẹ́ńjìnnì, kabúrétọ̀ àti táǹkì epo wà ní ìkejì. Ọ̀dà àti awọ ìjókòó ni ó kẹ́yìn.

Ẹ́ńjìnnì náà ti gan, ẹsẹ̀ kò lè ta á. Mo tọ àgbà mẹkáníìkì kan tí ó mọ bàbá mi lọ. Ó ní, "Tíṣà, a kì í fi òòlù bá irin àgbà sọ̀rọ̀. Fún un ní epo mu, kí o sì jẹ́ kí ó sùn." Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo rọ dísù sí ojú ihò rẹ̀, mo sì ń bù kún un ní alaalẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ní ọjọ́ keje, mo fi sípánà yí i síwá sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gbọ̀n, ó sì yí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìpẹtà ti jẹ ara sílíńdà, nítorí náà mo ra písítìnnì tí ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà tóbi ju 47 mìlímítà ti àtilẹ̀wá lọ. Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin sì fẹ ojú sílíńdà náà kí ó lè gbà á.

Táǹkì epo kò ná mi ní ohun tí ó pọ̀. Mo kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, mo mì ín títí ìpẹtà tí ó dì fi já. Lẹ́yìn náà ni mo rọ oje ọsàn wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí pé kíkan inú ọsàn a máa jẹ ìpẹtà. Lẹ́yìn èyí, kí a ṣan táǹkì, kí a tètè gbẹ ẹ́, kí a sì fi ọ́ìlì pa inú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpẹtà yóò padà láìpẹ́.

Níbi táyà ni ọ̀rọ̀ owó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Òǹtajà kan fi táyà tòkunbọ̀ méjì lọ̀ mí ní ìdajì owó tuntun, ojú wọn ṣì dára. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́rin kan a máa wà lára táyà: méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. 2409 ni mo rí níbẹ̀, èyí ni ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún ọdún 2009. Rọ́bà rẹ̀ ti gíràn-án, ó sì ti ń sán wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ra tuntun. Bíréèkì náà gba ìṣọ́ra. Láínì bíréèkì àtijọ́ lè ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Nítorí náà, a kì í fi ẹnu fẹ́ ẹ, omi ni a fi ń rẹ ẹ́ kí a tó nù ún kúrò.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, etí mi kò sinmi lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Alùpùpù a máa mu epo, a máa wúkọ́, a máa kú sọ́nà, a sì máa jí. Dídún rẹ̀ ni a gbọ́ nínú orúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní bíréèkì, ìjánu ni àwa ń kọ ọ́ nínú ìwé, ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin. Ẹṣin ti kúrò lójú pópó, ṣùgbọ́n èdè kò ju ìjánu nù. Ó tún un ṣe fún ìrìn mìíràn. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lẹ́yìn ilé ìdáná kò yàtọ̀ sí èyí.

Nígbà tí mo ṣírò owó, ọ̀nà kìn-ín-ní gba N78,000, ìkejì gba N34,000. N8,000 péré ni ó kù fún ẹwà. Àbúrò mi fẹ́ kí a fi ọ̀dà pupa kun ún láti òkè délẹ̀. Owó náà kò tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìpẹtà ti jẹ nìkan ni mo kùn. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ibi tí àkọ̀ àdá bàbá mi ti ń ha á láti ọdún mọ́dún fi wà níbẹ̀ di òní. Ní ọjọ́ tí ó jí, ìyá mi fi ọwọ́ pa ojú ibẹ̀, ó ní kí n dé akoto mi dáadáa kí n tó jáde.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, owó wa lè má tó ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ètò kò gbọdọ̀ wọ́n wa. Kí a kọ́kọ́ náwó sí ohun tí yóò dá ẹ̀mí sí, kí a tó náwó sí èyí tí yóò mú wa rìn. Bí ohun tí ó kù fún ẹwà bá kéré, kí a má banú jẹ́ jù. Nígbà mìíràn, ohun tí owó wa kò ká ni ohun tí kò yẹ kí a pa rẹ́.