Inú Ẹni Tó Ń Báni Wí

Àwọn àgbàlagbà tó gbọ́njú ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́ kò tíì gbàgbé wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba. Yóò wọ agbolé láàárọ̀, yóò ṣí ìdérí àmù, yóò tẹjú mọ́ omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Bó bá rí i, ó di ilé ẹjọ́, owó ìtanràn dé nìyẹn. Ẹ bi wọ́n lónìí pé kí ni wolé-wolé ń wá, ọ̀pọ̀ yóò ní owó ẹ̀yìn ni. Àwọn kan sì gbà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tanwíjí wà nínú àmù. Ẹ̀fọn ni yóò dà, ibà ni ẹ̀fọn yóò sì kó bá àwọn ọmọ agbolé. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí a bá ti rí àléébù lára ẹni tó ń báni wí, a kì í padà yẹ àmù wò mọ́.

*

Nígbà tí epo bẹntiróòlù bá wọ́n, ẹnìkan a máa yọ sójú ìlà, a mú bébà, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ. Kò sẹ́ni tó yàn án. Ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń wò lórí bébà náà ni ibi tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí. Bó bá wà lókè, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ló dé, ariwo ta. Bó bá wà nísàlẹ̀, níbi tó tọ́ sí i, ó lè lé ọlọ́kọ̀ bọ̀gìnnì padà sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í pé ta ló fi í jẹ. Ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là ń wò.

*

Oṣù kẹta 1984 ni ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon gbé ogun ti ìwà àìníjàánu, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí WAI. Kòbókò ni sójà fi ń to èèyàn sórí ìlà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, torí ayé rúdurùdu ti sú wọn. Lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè pa nítorí pípààrọ̀ owó, ìròyìn jáde pé àpótí 53 gba pápákọ̀ òfurufú Èkó wọlé láìsí àyẹ̀wò. Àríyànjiyàn kò tíì tán lórí àpótí wọ̀nyẹn. Lójú tèmi, ìròyìn náà ba WAI jẹ́ ju kòbókò lọ, torí ó dà bíi pé òfin kò kan àwọn ẹni ńlá.

*

Nígbà tí wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1988, Wọlé Ṣóyínká, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, ni alága àkọ́kọ́. Àwọn kan bínú: kí ni òǹkọ̀wé ń wá lọ́dọ̀ ìjọba ológun? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀, tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń gbẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó.

*

Ní 2016, Jillian Jordan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ẹni tó náwó ara rẹ̀ láti fi jẹ anìkànjọpọ́n níyà, àwọn èèyàn túbọ̀ fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mọ̀ bóyá ó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ tàbí kò ràn án, ìyẹn ni wọ́n gbára lé jù. Ìyá àgbà tó ń na ọmọ gbogbo agbolé tí ìyá kankan kò bínú sí, òun náà ló ń bọ́ wọn lálẹ́.

*

Ọ́ṣà ṣọ́ọ̀ṣì a máa mú ìborùn dání, láti fi bo itan obìnrin tí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrú. Mo ti gbọ́ tí àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Kò sí èyí tó ní òfin náà burú. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni bóyá ìborùn yóò dé ìlà àga àkọ́kọ́, níbi tí àwọn ọmọ olówó ìjọ jókòó sí.