Òkúta Lókè, Òkun Nísàlẹ̀: Ọ̀nà Eré Sísá ní Cape Town

Bí a bá dárúkọ etí òkun fún àwa ará ìhín, yanrìn ni yóò kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn, nítorí pé yanrìn ni tiwa ní Èkó àti Bàdágìrì. Ní Cape Town, ní ilẹ̀ South Africa, ọ̀pọ̀ ibi ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi ojú inú wo òkè Ìdànrè, kí ẹ gbé e lọ sí etí omi, kí ìgbì máa lù ú tọ̀sán tòru: bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ rí. Àwọn tí ń sáré máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀. Bí ìrìn àjò bá gbé ẹnikẹ́ni nínú yín débẹ̀, ọ̀nà méjì wà tí ó yẹ kí ó mọ̀.

Ọ̀nà kìíní ni ti Sea Point. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, mọ́tò kì í sì gba orí rẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé iná atọ́nà àwọn ọkọ̀ òkun ní Green Point, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tàn ní ọdún 1824, kí ẹ máa bá etí omi lọ títí dé Bantry Bay. Níbẹ̀ ni kí àlejò ti kọ́kọ́ na ẹsẹ̀, kí ó fi mọ bí agbára òun ti tó.

Ọ̀nà kejì ni Chapman's Peak, láti Hout Bay dé Noordhoek. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 9, kọ́nà rẹ̀ sì jẹ́ 114. Láti ọdún 1915 títí di 1922 ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Ibi tí òkúta líle ìsàlẹ̀ ti pàdé òkúta onípele tí ó wà lókè ni wọ́n la ọ̀nà sí. Ìsàlẹ̀ dúró gbọn-in, ṣùgbọ́n òkúta a máa já bọ́ láti òkè. Ó pa ènìyàn ní ìparí ọdún 1999; wọ́n ti ọ̀nà náà ní 2000, wọn kò sì ṣí i títí di 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ta àwọ̀n irin sára òkè. Títí di òní, bí ojú ọjọ́ bá burú, wọ́n a tún tì í. Ẹ má ṣe yọ́ kọjá. Ẹwà ibẹ̀ àti ewu ibẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ewu òkúta nìkan kọ́ ni ènìyàn dúdú ti rí ní etí òkun yìí. Òfin ọdún 1953 fún wọn láṣẹ láti ya etí òkun sọ́tọ̀ fún òyìnbó nìkan. Ọdún 1989 ni ìjọba tó kéde pé kí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀, ní 1976, nígbà tí òfin náà ṣì múlẹ̀, Gabashane Vincent Rakabaele, ọmọ ilẹ̀ Lesotho, gba ipò kìíní nínú eré ìje Two Oceans, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 56, tí ó sì sábà máa ń gba Chapman's Peak kọjá. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni dúdú tí ó bá ń sáré níbẹ̀ lónìí, kí ó mọ̀ pé àwọn kan ti jìyà kí ọ̀nà tó là.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí. Ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà níbẹ̀, bí tiwa ti rí kí ọdún 1972 tó dé. Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ ti sáré, kí ẹ lè máa rí mọ́tò tí ń bọ̀ níwájú. Oṣù kejìlá, tí ọyẹ́ ń mú wa níhìn-ín, ìgbà ooru ni lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀fúùfù líle a sì máa fẹ́. Ẹ béèrè ojú ọjọ́ lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó jáde. Bí òógùn bá bò yín, ẹ má bẹ́ sínú òkun, nítorí omi ibẹ̀ tutù púpọ̀. Ẹ má dá nìkan sáré, ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lọ́nà. Òkè náà kò ní sá lọ. Bí ó bá di ọ̀la, ẹ ó tún bá a níbẹ̀.