Fláíwíìlì Wo Ló Yẹ 504 Bàbá Mi?

Nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì Peugeot 504 bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, mẹkáníìkì wa ní ká kúkú fá fláíwíìlì rẹ̀ kó fúyẹ́, ká sì ra kílọ́ọ̀ṣì tó le sí i. Ó ní ọkọ̀ náà á máa ta bí ẹṣin.

Kò parọ́. Irin rìbìtì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì yẹn ló ń tọ́jú agbára yíyí pamọ́. Bó bá fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì á tètè dáhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ½mr² mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n CMS ni ọkọ̀ yìí ń lọ lójoojúmọ́. Láti Ìdúmọ̀tà dé Marina, ká sún díẹ̀, ká dúró, kí danfó tún já wọ iwájú wa. Ibẹ̀ gan-an ni fláíwíìlì tó wúwo ti wúlò: agbára tó kó pamọ́ ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú bí ẹsẹ̀ ṣe ń kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Èyí tó fúyẹ́ á fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ké kó tó gbéra, kílọ́ọ̀ṣì á sì tètè jó. Tí wọ́n bá tún fá irin dídà àtijọ́ jù, ó lè fọ́ lórí eré, nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀.

Sípíríngì tó le ńkọ́? Ẹsẹ̀ òsì ló ń san gbèsè rẹ̀. Bàbá mi ti lé ní ọdún 60, orúnkún òsì yẹn gan-an ló sì ń dùn wọ́n.

A kàn fá ojú fláíwíìlì náà díẹ̀ kó lè tẹ́jú, a ra kílọ́ọ̀ṣì irú ti tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bíárì tuntun. Àbúrò mi ní tí eré bá wù wá, ọkọ̀ ojú irin ti ń dé Marina láti 2023. Bàbá mi ò tiẹ̀ dá a lóhùn.