Nígbà Tí Ẹbí Ń Bá Aláìsàn Gbé Ní Àrò

Lọ́dún 1954, bí wọ́n bá mú ẹni tí ọpọlọ ń dà láàmú dé Àrò l'Abẹ́òkúta, wọn a kọ́kọ́ bi ẹbí rẹ̀ pé ta ni yóò dúró tì í. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ń kọ́ kò tíì parí nígbà náà. Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, kò torí ìyẹn dá aláìsàn padà. Ó lọ bá àwọn ará abúlé mẹ́rin tó yí Àrò ká, wọ́n sì gba aláìsàn sílé pẹ̀lú ẹni tó bá tẹ̀ lé e wá.

Ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ni ẹni náà sábà máa ń jẹ́. Òun ní í dáná, òun ní í fọṣọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a mú aláìsàn lọ gba abẹ́rẹ́ àti oògùn. Bó bá dọ̀sán, wọn a jọ padà sábúlé. Ẹni tára rẹ̀ bá ti ń balẹ̀ a bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Lambo tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú ètò náà. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé wèrè kì í ṣe àjèjì níbẹ̀: wọ́n mọ̀ ọ́n lórúkọ, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́ bí wọ́n ti ń kí ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀, lọ́dún 1953, ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ni dókítà ọpọlọ òyìnbó kan, J. C. Carothers, kọ̀wé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú yàtọ̀, pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Lambo ò gbà. Òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell wọ àwọn abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n ṣèwádìí lẹ́nu àwọn èèyàn. Ìwé wọn jáde ní 1963: ìrẹ̀wẹ̀sì wà láàárín wa, ó tilẹ̀ pọ̀.

N kò ní sọ pé ayé ìgbà yẹn dẹrùn fún gbogbo aláìsàn. Ọ̀pọ̀ ló wà nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, tí wọ́n ń jẹ pàṣán. Òfin táwọn òyìnbó fi sílẹ̀ kò ka ìpinnu aláìsàn sí rárá. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí òfin tuntun tó fún un lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ara rẹ̀. Inú mi dùn sí i gidigidi.

Ṣùgbọ́n ètò abúlé yẹn ti lọ. Ilé ìwòsàn ṣì wà ní Àrò, oògùn sì dára ju ti àtijọ́. Ẹbí ló fọ́n ká. Ọmọ kan wà ní Kánádà, èkejì wà ní Lẹ́kí; wọ́n fowó ránṣẹ́ lórí fóònù, wọ́n háyà ẹni tí yóò máa tọ́jú màmá. Ìfẹ́ wà lọ́kàn wọn, iṣẹ́ ni kò fún wọn láyè. Àwọn ọ̀dọ́ wa náà ń sọ̀rọ̀ nípa àníyàn (anxiety) àti ọgbẹ́ ọkàn (trauma), òru ni wọ́n ń kà nípa wọn lórí Instagram, àwọn nìkan nínú yàrá.

Ó wù mí kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan kọ́ yàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀dù fún ẹbí tó bá fẹ́ dúró, kí iléeṣẹ́ sì máa fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìsinmi tòun towó oṣù, bí wọ́n ti ń fún abiyamọ.