Orí Bàámi

Ẹ̀yin tèmi, mo ti ń sún ọ̀rọ̀ yìí síwájú láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí pé mo ní "ẹ máa retí fídíò orí," fídíò yẹn ò ní jáde mọ́. Mo jẹ yín ní àlàyé. Ẹ fara balẹ̀, ó máa gùn díẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Ṣakí ni mò ń gbé, ní Òkè-Ògùn níbí. Mo kàwé jáde, mo sin ìlú, iṣẹ́ ò yọjú, ni mo bá gbájú mọ́ kọ́ńtẹ́ǹtì. Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ mọ́ mi ni ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ irọ́, kí n sọ ọmọ ogún ọdún di arúgbó nínú fídíò. Àwọn oníṣíkíìtì máa ń pè mí láti Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú wọn wá bi mí pé ṣé mo lè ṣe odidi orí èèyàn, orí tí wọ́n lè gbé kámẹ́rà sún mọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé rọ́bà ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Mi ò ṣe é rí o. Ṣé ẹ mọ bí ebi ṣe máa ń dáhùn ìbéèrè.

Mo nílò ojú kan tí màá fi kọ́ ọ ná, kí n má baà fi iṣẹ́ oníṣẹ́ dánra wò. Ojú tí mo mọ̀ jù láyé ni mo mú. Ojú Bàámi.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Bàámi ti ṣaláìsí. Dẹ́rẹ́bà ni wọ́n. Ṣakí sí Ìsẹ́yìn, Ìsẹ́yìn sí Ìbàdàn, kí wọ́n tún yí padà, ó lé ní ogún ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú wọn lọ, kì í ṣe ọ̀nà. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa já fóònù gbà lọ́wọ́ mi kí wọ́n fi ya sẹ́lífì. Mọ́kànlélógójì ló kù lọ́wọ́ mi, gbogbo ẹ̀ ló sún mọ́ wọn jù, imú nìkan ló máa ń kún fọ́tò.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé àwòrán amọ̀ orí náà síbí, ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé iṣẹ́ òyìnbó ni kí ère jọ èèyàn báyìí, pé tiwa kì í jọ èèyàn. Mi ò dá a lóhùn nígbà yẹn. Ó yá.

Lọ́dún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ni wọ́n bá hú àwọn orí kan tí wọ́n fi idẹ àti bàbà rọ. Orí tó tóbi tó tèmi tìẹ. Ètè ń bẹ, ìpéǹpéjú ń bẹ, ọ̀pọ̀ ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ látòkè dé ìsàlẹ̀ ojú, àwọn kan sì ní ihò kéékèèké yí irùngbọ̀n àti iwájú orí ká, bíi pé wọ́n fẹ́ gbin irun tàbí ìlẹ̀kẹ̀ sí i. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún márùn-ún ọdún tí wọ́n ti rọ wọ́n. Kódà ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1910, ará Jámánì kan, Leo Frobenius, ti rí irú orí bẹ́ẹ̀ kan ní Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní orí Olókun. Kò gbà pé àwa la ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis ni, ìlú àwọn Gíríìkì tó rì sómi. Ìlú tí ẹnikẹ́ni ò dé rí! Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbà pé ìlú tí kò sí ló ṣe é jù kó gbà pé Ifẹ̀ ló ṣe é.

Ní Ọ̀wọ̀ ńkọ́? Àwọn ló ni àkó. Láyé àtijọ́, bí ẹni ńlá bá kú tí wọ́n ti sin ín tán, wọn á gbẹ́ ère tó tóbi tó o, ojú ère náà á jọ ojú olóògbé, wọn á wọ̀ ọ́ láṣọ tó dáa jù, wọn á gbé e yí ìlú, wọn á tún wá sin ère náà. Àyàjọra ni àwọn tó kọ̀wé lórí iṣẹ́ ọnà ń pe irú ẹ̀. Wọ́n ṣe é kí ẹni tó kù lè tún rí ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nítorí náà, nígbà tí Màámi wọ yàrá mi tí wọ́n ní orí kì í ṣe ohun àmúṣeré, èsì ti wà lẹ́nu mi. Mo ní àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń ṣe é. Wọ́n ní, "Ṣé Ọ̀wọ̀ lo wà ni?" Wọ́n jáde.

Iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ orí náà. Ẹ ó da POP bò ó kó di mọ́ọ̀dù, ẹ ó yọ amọ̀ kúrò, ẹ ó wá da sílíkóònù sínú àyè tó kù. Ó rọrùn létí. Sílíkóònù tí mo rà, kòkò méjì ni, A àti B, ìwọ̀n kan náà lẹ ó pò pọ̀. Mo dà á lálẹ́, mo ṣí i láàárọ̀, ó ṣì ń fà bí omi ilá. Owó iṣẹ́ oṣù méjì lọ báyẹn. Ẹni tó tà á fún mi ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n pò. Èmi ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe pípò: sílíkóònù irú èyí ò fẹ́ rí imí-ọjọ́ sójú, imí-ọjọ́ sì wà nínú amọ̀ olóróró tí òun kan náà tà fún mi. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò náà kì í jẹ́ kó dì, mo sì wọ̀ ọ́ pò ó. Ẹ ò rí i pé mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

Oòrùn Ṣakí tún wà níbẹ̀. Oṣù kẹta ni. Ooru máa ń mú sílíkóònù yára dì, kí n tó pò ó tán kó tó ráyè wọ ihò imú, ó ti ń le. Mo wá ń jí láago márùn-ún ìdájí láti dà á. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló jọ nǹkan.

Kíkùn gan-an ni iṣẹ́. Kò sí ohun tó ń lẹ̀ mọ́ sílíkóònù àfi sílíkóònù. Mo fi ọ̀dà lásán kùn ún, ó ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Àwọ̀ lẹ máa pò mọ́ sílíkóònù tó ṣàn dáadáa, ẹ ó máa fi búrọ́ọ̀ṣì ta á sí i wínníwínní. Àwọ̀ tí wọ́n kọ "flesh" sí lára tó bá sílíkóònù mi wá, rẹ́súrẹ́sú ni, ó pọ́n bí ọmọ tuntun ẹlẹ́dẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ara mi pé ẹran ara ta ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Kì í ṣe èmi nìkan ló rí i. Ọ̀gbẹ́ni John Amanam tó wà ní Uyo, tó ń fi sílíkóònù ṣe ìka, ọwọ́, etí àti ẹsẹ̀ fún àwọn tó pàdánù tiwọn, ti sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn láìmọye ìgbà pé ohun tó wà lọ́jà, ti aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù. Iṣẹ́ fíìmù ló ti ń bọ̀ bíi tèmi. Ìgbà tí ẹbí ẹ̀ kan pàdánù ìka ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ wo ọwọ́ tó ń ṣe. Iṣan wà níbẹ̀, ibi tó dúdú lórí oríkèé ìka wà níbẹ̀. Fídíò ẹ̀ ni mo wò tí mo fi mọ̀ pé ẹ kì í da búráùn sórí awọ èèyàn dúdú. Pupa ló máa ń wà nísàlẹ̀, yẹ́lò díẹ̀, búlúù níbi iṣan, kí búráùn tó dé, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí tìsàlẹ̀ lè máa yọ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi kùn ún. Mo rí i nínú sẹ́lífì pé ẹ̀gbẹ́ kan ojú Bàámi dúdú ju èkejì, mo kùn ún bẹ́ẹ̀. Àpá kan wà lókè ìpéǹpéjú wọn, mo gbẹ́ ẹ. Irun wọn, abẹ́rẹ́ ni mo fi gún un wọlé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo di ojú náà, torí ẹyinjú àtọwọ́dá ti wọ́n jù fún mi. Ọkùnrin kan wà, Ron Mueck, tó fi sílíkóònù ṣe bàbá tiẹ̀ tó kú, ní ìhòòhò, lórí ilẹ̀, ó kéré sí èèyàn gidi, ó sì fi irun orí ara ẹ̀ sí i. Wọ́n pàtẹ ẹ̀ ní 1997. Mo ronú sí i pé èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo ní Bàámi tèmi ń sùn ni.

Gbogbo ẹ̀ ni mo ń ya sí fídíò o. Mo ti mọ ibi tí orin máa ti wọlé.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún yín ni pé ìyá tó bí Bàámi ṣì wà láyé, inú ilé kan náà la jọ wà. Ẹ mọ àṣà wa: òbí kì í rí òkú ọmọ, òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Ọjọ́ tá a sin Bàámi, Àgọ́-Àrẹ ni wọ́n gbé Ìyá àgbà lọ. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó fi ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé yẹn hàn wọ́n, wọn ò sì béèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ti yàrá mi pa.

Ọjọ́ Sátidé kan mi ò tì í. Ọmọ ará ilé wa kan wá yá ṣájà. Igbe tó ké, mo gbọ́ ọ dé ìdí kànga. "Orí èèyàn wà ní yàrá àǹtí!"

Ẹ ò lè mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ń ṣe lóde òní àfi tí wọ́n bá sọ ọ́ nípa yàrá yín. Kí n tó dé, agbo ti pé. Ẹnì kan ti ń pe ọlọ́pàá. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí di igi mú. Yàhúù, yàhúù, lẹ̀ ń gbọ́. Màámi ń bẹ̀ wọ́n. Èmi náà sáré wọlé, mo gbé orí náà jáde sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dojú ẹ̀ dé, mo ní ẹ wo inú ẹ̀, òfìfo ni, rọ́bà ni, ẹ fọwọ́ kàn án! Mo tún yí i padà. Àwọn tó mọ Bàámi dákẹ́. Obìnrin kan ní "Yéè, Bàbá dẹ́rẹ́bà."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀pá.

Ìyá àgbà ti yọ láti ẹ̀yìnkùlé. Màámi já ìborùn wọn, wọ́n fi bò ó, ó ti pẹ́ jù. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìyá àgbà rọra wá, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ní, "Ẹ ṣí i."

Màámi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má wò ó."

"Mo ní ẹ ṣí i."

Èmi ni mo ṣí i. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Wọ́n wò ó títí. Wọn ò sunkún. Wọ́n fi àtàńpàkò kan iwájú orí, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ síbi àpá yẹn, wọ́n wá gbójú sókè wò mí.

"Àṣàkẹ́, ta ló gbé àpá yìí sọ́tùn-ún?"

Mo ní bó ṣe wà nínú fọ́tò nìyẹn, Mà.

"Òsì ni. Ó já bọ́ lórí igi máńgòrò, èmi ni mo fi ìró mi dí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ títí a fi délé. Òsì ni."

Mo lọ mú fóònù. Ẹ̀yin tèmi, fìlà kan wà tí Bàámi máa ń dé, ìwé wà níwájú ẹ̀. Nínú gbogbo sẹ́lífì yẹn, ìwé náà ń ka láti ẹ̀yìn wá. Kámẹ́rà iwájú fóònù mi ń yí àwòrán padà bíi dígí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mi ò rí i. Ẹ̀gbẹ́ tó dúdú náà, òsì ló yẹ kó wà, níbi fèrèsé dẹ́rẹ́bà tí oòrùn ti ń pa wọ́n láti Ṣakí dé Ìbàdàn. Ojú inú dígí ni mo ṣe, ojú tí Bàámi fúnra wọn máa ń rí. Kì í ṣe ojú tí àwa máa ń wò.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Ìyá àgbà. Mo ní màá lọ sin ín, tàbí kí n dáná sun ún. Wọ́n ní, "Tún un ṣe ná."

Mo gé àpá ọ̀tún, mo fi sílíkóònù dí i, mo gbẹ́ ẹ sósì. Mo kun ojú méjèèjì lákọ̀tun. Oníṣíkíìtì yẹn gba orí mìíràn, ojú tí mo fi ọkàn ara mi ro, tí kò jọ ẹnì kankan. Páálí ni mo dì í sí, mo kọ RỌ́BÀ NI gàdàgbà sí ara ẹ̀, mo tún fi fọ́tò bí mo ṣe ṣe é sí i nítorí àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà Ìsẹ́yìn.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní fídíò Bàámi á rìn jìnnà tí mo bá gbé e síta. Ó ṣeé ṣe. Mo ti yọ ọ́ kúrò lórí fóònù.

Orí náà wà nínú àpótí aṣọ Ìyá àgbà, wọ́n fi aṣọ òkè wé e. Lánàá ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní irun tí mo gún sí i ti pọ̀ jù, pé Bàámi kì í jẹ́ kí irun kan etí. Mo ti ra sísọ́ọ̀sì.